Daddy Tó Ń Lé Ibòòji Kiri

Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn irin, Daddy ni mo máa ń rántí. Kì í ṣe bàbá tó bí mi o, bàbá àgbà aládùúgbò mi ni. Ní Thamesmead, ní London, ni àwa méjèèjì páàkì sí, tí kálukú ń gbé inú van rẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù. Bí oòrùn bá ti yí, Daddy á sún van wọn tẹ̀ lé ibòòji igi. Wọ́n á rẹ ìró ìyàwó wọn olóògbé sómi, wọ́n á fi bo wíńdò. "Irin ò mọ ọmọ Nàìjíríà o," ni wọ́n máa ń wí.

Èmi ńkọ́? Mo ní ṣé ooru London ló fẹ́ pa ọmọ Mushin? Mo ti gbogbo wíńdò pa, mo fa kọ́tìnì. Kì í ṣe nítorí olè. Mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich pé Ọlọ́run ti fún mi nílé, mi ò sì fẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì rí mi.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ooru mú débi pé òòyì ń kọ́ mi. Daddy ń kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà: "Ṣílẹ̀kùn! Ṣé o fẹ́ jinná ni?"

Mo dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé. Nígbà tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo ṣubú síta pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé nìkan.

Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa mẹ́ta jókòó ti Daddy lábẹ́ ibòòji van mi. Èyí tó dàgbà jù na omi tútù sí mi.

"Brother, kú ilé o. Ojoojúmọ́ là ń kí ẹ níbí, o kì í dáhùn."