Gírísì Ojú Ayé

Tí ẹ bá rí obìnrin yìí tó ń fi gírísì pa ọwọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, ẹ má rò pé orí rẹ̀ ti yí. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ ló gbà á síṣẹ́, òun ni wọ́n sì máa ń pè tí nǹkan bá ṣe kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ ní Dókítà Ọpọlọ. Wáyà kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, ó parí. Kò sí sípánà, kò sí òòlù, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn! Àwọn oníbàárà ò gbà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣe iṣẹ́ kankan. Alàgbà kan bá a jà lọ́jọ́ kan pé gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí òun fi jókòó, ńṣe ló ń tẹ nǹkan bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́kùnrin. Láti ọjọ́ náà ló ti fi agolo gírísì sínú dúrọ́ọ̀. Tó bá ti parí iṣẹ́, á fi díẹ̀ pa ìka, á fi díẹ̀ ra iwájú orí, á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ jáde. "Háà, ẹ kú iṣẹ́ o!" ni wọ́n á máa wí. Ẹ ò rí ayé bí?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì rí gírísì yẹn rí, bàbá tó bí i lọ́mọ. Ọdún márùndínlógójì ni Bàbá fi ṣe mẹkáníìkì kó tó fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ wo lọmọ rẹ̀ ń ṣe, "Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà," ni yóò sọ, á sì yí ọ̀rọ̀ padà kíá. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dun ọmọ náà wọ egungun. Ohun kan péré ló fẹ́ láyé yìí, kí bàbá rẹ̀ pe òun ní mẹkáníìkì.

Àfi bí Bàbá ṣe yọ láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, tó ń kú ní gbogbo oríta. Ó ti tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nílé, kò rí nǹkan kan.

"Mo kàn ń kọjá lọ ni," Bàbá wí.

Irọ́ ńlá! Ọ̀nà ilé rẹ̀ kò gba ibẹ̀ rárá.

Ọmọ ki wáyà bọ abẹ́ sítíárìn, ó wo ètò kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọpọlọ ọkọ̀ náà, ó rí i pé ó ti gbó. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti fi tuntun ránṣẹ́ nítorí ìgbọ̀nrìrì yìí gan-an. Iṣẹ́ tó rọrùn ni. Ṣùgbọ́n kó tó lọ ṣàlàyé fún Bàbá, ó kọ́kọ́ yà sídìí dúrọ́ọ̀. Torí pé bàbá rẹ̀ ni, ó pa gírísì náà dé ìgúnpá.

Bàbá gbá ọwọ́ náà mú, ó gbé e símú.

"Gírísì ẹsẹ̀ táyà nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ́ńjìnnì mi ló ń gbọ̀n. Kí lo lọ wá dé ẹsẹ̀ táyà?"

Ojú ti Dókítà Ọpọlọ débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"Lọ fọwọ́ ẹ," Bàbá wí. "Kí o wá fi ohun tí ò ń ṣe gan-an hàn mí."

Ó fọwọ́, ó padà wá, ó so ṣáàjà mọ́ bátìrì kí iná má bàa relẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà yóò pa ètò àtijọ́ rẹ́ kó tó kọ tuntun, pé láàárín ìgbà yẹn ọkọ̀ ò rántí nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan iná, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan rédíò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn.

"Tí ẹnì kan bá wá ṣí i ńkọ́?"

"Iná inú ọkọ̀ á tàn, á fa iná bátìrì. Tí iná bá fi lè já, ọpọlọ yẹn kú nìyẹn, Bàbá. Tuntun la máa rà."

Bàbá rọra ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ìlà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé mo lè húkọ́?"

"Ẹ lè húkọ́, sà."

Síbẹ̀, ìta ló lọ hú u sí.

Ìlà náà ti kọjá ìdajì nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ dé pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ó fẹ́ wo iye máìlì tí ọkọ̀ náà ti rìn, ó sì na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Dókítà Ọpọlọ fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n Bàbá ti padà wọlé láti ìta.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò ńbẹ̀!" Bàbá ti fò dí ilẹ̀kùn.

"Bàbá, èmi ni ọ̀gá ibí o."

"Ọ̀gá kẹ̀? Ẹ ò rí i pé mẹkáníìkì ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mẹkáníìkì wo?"

"Èyí tí mo bí!"

Ó yẹ kí Dókítà Ọpọlọ rẹ́rìn-ín. Omijé ló lé ròrò sí i lójú, ó sì ní láti máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún ṣáá, nítorí ìlà yẹn ò tíì dé òpin, iṣẹ́ sì niṣẹ́ ń jẹ́.