Odó Tí Naziha Gbé Kúrò Nílẹ̀

Ìtàn mi fò fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀, kò bà lé ìjàpá lónìí. Naziha ló bà lé, ní ẹbu tí Ammi Hedi ti ń fún òróró èso ólífì, lẹ́yìn ìlú Sfax.

Naziha ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń ka òṣùwọ̀n, tó sì ń tẹ rìsíìtì fún àwọn àgbẹ̀. Ammi Hedi tó ni ẹbu ò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé, "Ọmọ mi, bí nǹkan yìí bá tún dákú níwájú àwọn àgbẹ̀, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì la ó padà sí. Ìwọ náà á padà sílé ìyá ẹ."

Naziha gbọ́. Àmọ́ kì í rí ìdọ̀tí kó mójú kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ólífì máa dé, ó ní òun á kọ́kọ́ gbá inú kọ̀ǹpútà.

Ẹ gbọ́ o: àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà yẹn dà bí obìnrin agboolé tó jọ ń lo odó kan. Odó wọn ni fáìlì kan tí gbogbo wọn ti ń yá ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, títí kan ètò tó ń gbé fáìlì láti yàrá kan sí òmíràn nínú kọ̀ǹpútà. Naziha rí i pé orúkọ fáìlì yìí jọ ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ọ̀kan ti tó," ló wí. Ó gbé e lọ sí yàrá mìíràn.

Gbogbo ètò dákẹ́. Naziha ní kí ètò tó bá a gbé e lọ gbé e padà. Ìyẹn náà ò dìde. Ẹni tí yóò lọ gbé odó wá ò lè rìn láìjẹ iyán, iyán ò sì ṣe é gún láìsí odó.

Mongi tó ń yí ọlọ yọjú. "Naziha, katakata tó kó ólífì ti dé ẹnu ọ̀nà o. Kí ló dé tí o ń làágùn nínú òtútù?"

"Mò ń gbálẹ̀ ni."

"Ṣé o gbálẹ̀ ni, àbí o wólé?"

"Mongi, lọ wo ọlọ ẹ."

Ètò àtijọ́ kan ṣì kù, tí Naziha ti fẹ́ jù nù tẹ́lẹ̀. Sabri, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ló fi í sílẹ̀. Ètò náà tóbi bí àpò àlìkámà, torí odó tirẹ̀ wà nínú ikùn ẹ̀. Àwọn tó ń kọ ètò ò di ẹrù ètò bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà a sì máa wo àmì orí ẹrù kó tó tú u; èyí tí kò bá mọ̀, kì í tú u. Naziha ti bẹ Sabri títí pé káwọn tilẹ̀kùn mọ́ irú ẹrù àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Sabri ní, "Ṣé oúnjẹ ẹ ló ń jẹ ni?"

Naziha tẹ orúkọ ètò arúgbó náà. Kọ̀ǹpútà wo orí ẹrù, ó dá a mọ̀, ó tú u. Arúgbó jáde, kò yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé odó padà sáyè ẹ̀.

Àgbẹ̀ àkọ́kọ́ gbé ólífì sórí òṣùwọ̀n, rìsíìtì jáde. Ammi Hedi wọlé, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Mongi ní o ń gbálẹ̀. Ṣé o ti parí?"

"Mo fi igun tí ẹrù àtijọ́ Sabri wà sílẹ̀, Ammi."

"Ṣé ìdọ̀tí ò sí níbẹ̀ ni?"

"Ó wà ńbẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbá a láéláé."