Fígọ̀ Éètì Kò Lè Kúnlẹ̀

Lọ́jọ́ tí Títí ò lè kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, inú bí mi débi pé mo ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ló wọ̀, èmi ni mo sì rán an há bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fẹ́. Ó di tábìlì ìgéṣọ mú, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó tún nà ró gbọnrangandan. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Fúnmi, jókòó ti fáànù, ó ń pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀.

"Ẹ wo fígọ̀ éètì," ló wí. "Ẹ ṣé gan-an, Màdáámù. Ẹ má tú u o."

Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí kò bá gbé Èkó. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́jọ sórí ìwé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé: òkè rẹ̀ yọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ, àárín rẹ̀ há. Obìnrin tí ara rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fígọ̀ éètì, ìyẹn ni pé kò kù síbì kan. Bàbá mi ì bá ti pè é ní akèrègbè, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti parí síbẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Mushin, ọ̀rọ̀ ìyìn lásán ni. Ọmọkùnrin á sọ ọ́ sí ọmọge tó ń kọjá, ọmọge á pòṣé, á sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Mi ò mọ ìgbà tó di òfin. Ní báyìí, abiyamọ á na fóònù sí mi lójú, á ní bí ọmọ inú fọ́tò yẹn ṣe rí lòun fẹ́ rí. Ẹni tí Ọlọ́run dá ní gbọọrọ fẹ́ di mẹ́jọ. Ẹni tó sanra láti òkè délẹ̀, tó sì rẹwà bẹ́ẹ̀, òun náà fẹ́ di mẹ́jọ. Ta ló sọ fún wọn pé nọ́ńbà ni Ọlọ́run fi mọ wá?

Kọ́ọ̀sẹ̀tì la sì fi ń dá wọn lóhùn. Aṣọ líle ni, a máa ń to bóònù sínú rẹ̀, ìyẹn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀, a ó sì fi okùn fà á lẹ́yìn. Tí wọ́n bá fà á níwọ̀n, ó ń gbé ara ró. Tí wọ́n bá fà á kọjá bẹ́ẹ̀, èémí ni wọ́n ń fún lọ́rùn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Àlàájà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Múná, ní òfin kan: aṣọ ìyàwó kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àfi tí ìyàwó bá ti kúnlẹ̀ nínú rẹ̀. Mùsùlùmí ni o, ọmọ ìjọ ni o, orí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó ti ń gba àdúrà òbí kó tó kúrò nílé. Àlàájà á ní, "Aṣọ tí kò bá lè gba àdúrà, ẹ lọ gbé e wọ ère ojú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Títí kúnlẹ̀. Tirẹ̀ tún le ju ti ẹlòmíì lọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti dá a jókòó sórí àga nílé wọn ní Ìpọ̀nrí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lè gbé e ga. Bí Títí ò bá kúnlẹ̀, ọwọ́ bàbá ò ní kan orí rẹ̀.

"Àǹtí Fúnmi," mo ní, "ṣé Dádì ló máa dìde láti súre fún un ni?"

"Kó ṣáà tẹrí ba díẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n máa wò, Màdáámù. Ṣé ẹ fẹ́ kí ará ilé ọkọ ẹ̀ máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni?"

Mo kọjú sí Títí. "Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lò ń lọ ilé ọkọ."

Ó mí díẹ̀, ó tún mí díẹ̀. "Mo fẹ́ kí Dádì mi fọwọ́ kàn mí lórí." Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, kọ́ọ̀sẹ̀tì ò jẹ́.

Mi ò gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo tú okùn, mo yọ bóònù iwájú, mo sì tú aláwáńsì, ìyẹn aṣọ tí aránṣọ tó mọṣẹ́ ń fi pamọ́ sínú rírán, nítorí ara ọmọ èèyàn kì í dúró sójú kan. Àǹtí Fúnmi ní òun á gbé aṣọ lọ fún ẹlòmíì ní Yaba. Mo ní kó gbé e, tí àbúrò rẹ̀ bá gbà. Títí ti kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì nígbà yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo wọ aṣọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga bàbá rẹ̀. Ọwọ́ àgbà náà gbọ̀n wá títí ó fi bà lé e lórí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò já gaara mọ́, síbẹ̀ ó ṣàdúrà pẹ́, a sì ń ṣe àmín. Àǹtí Fúnmi pàápàá ń nu ojú.

Àárín àdúrà yẹn ni onífọ́tò sún mọ́ wọn. "Ìyàwó, ẹ fa ikùn wọlé díẹ̀. Fígọ̀ éètì la fẹ́."

Kí n tó la ẹnu, bàbá ti dánu dúró. Ó gbójú sókè wo onífọ́tò náà, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Jẹ́. Kó. Mí."

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín.