Bátìrì Kékeré Inú Rédíò Bàbá Mi

Lánàá, ọkùnrin tó ń ta oògùn eku gba iwájú ilé mi kọjá ní Awoyaya. Ó ti yí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ sókè ju agbára rẹ̀ lọ, ohùn ti há, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ọmọ-ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ni mo rántí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ rédíò onígíláàsì. Bàbá mi ra ọ̀kan ní Eleko nígbà tí mo wà ní kékeré. Gíláàsì inú rẹ̀, tó rí bí gílóòbù, á máa pọ́n bí ẹyin iná, òórùn eruku gbígbóná á máa jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bátìrì ńlá ló ń gbé e ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó tà á ṣe kìlọ̀kìlọ̀ lé lórí: "Alàgbà, ẹ má yọ èyí o. Ìjánu ni. Òun ni kì í jẹ́ kí gíláàsì yẹn kọjá ààyè ẹ̀."

Bùròdá Ràṣídì, àbúrò bàbá mi, aláìgbọràn pátápátá, yọ ọ́ láti fi tan tọ́ọ̀ṣì tó fi ń ṣọdẹ akàn. Rédíò ò kú. Ṣe ló tún ń ké tantan. Bùròdá ní, "Ìjánu kọ́, gàárì ni! Ẹṣin lè sáré láìsí i." Gbogbo agbo ilé bá a rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ń ka ìkéde. Láyé ìgbà yẹn, bí àìsàn bá gbé ẹnìkan dè lọ́nà jíjìn, orí rédíò ni wọ́n ti ń pe ẹbí rẹ̀. A gbọ́ orúkọ ìyá mi. A gbọ́ Ẹ̀pẹ́, níbi tí màmá tó bí i ń gbé. Ìyókù ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìyá mi di rédíò náà mú: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ!" Ta ni yóò dá a lóhùn? Bàbá mi ní, "Fọkàn balẹ̀, ìkómọ ni wọ́n fi ń pè wá." Ìyá mi bá dúró di ọjọ́ ọjà, kó lè bá ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́jà lọ.

Kó tó dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti sin màmá àgbà. Wọ́n ní orúkọ ìyá mi ni màmá àgbà ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó dùn mí títí dòní.

Bùròdá dá bátìrì padà, ṣùgbọ́n gíláàsì ti jóná. Láti ìgbà náà, kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ketekete tó, ìyá mi á ní, "Tún un sọ." Etí rẹ̀ ò dí o. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú.

Fóònù ti dé báyìí, kò sí pé ohùn ń há. Ọmọ mi á pè mí láti Igbó Ẹfọ̀n: "Dádì, ara mi yá. Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo gbọ́. Síbẹ̀, màá ní kó tún un sọ.