Ìbọn Ńlá Aládùúgbò Wa àti Ẹfọ̀n Tó Ń Ba Oko Jẹ́

Ìgbà tí eyín ọmọdé ṣì kún ẹnu mi, mo fi eyín iwájú gbá ọta ìbọn mú lófuurufú, mo tu ú sí àparò kan tó ń fò kọjá, àparò já bọ́, ìyá mi sì ti fi í se ọbẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó sá kúrò nílé ẹ̀kọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rúlà fà lọ́wọ́ mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò.

Ohun tó ń bí mi nínú náà kò ju ìbọn lọ. Ìbọn ńlá. Sharjah lẹ́bàá Dubai ni mo ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin, ní àjà kọkàndínlógún ilé gogoro kan ní Al Taawun. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kò pa eku rí láti kékeré ni o, tó jẹ́ pé bí aláǹgbá bá wọlé, ìyàwó rẹ̀ ló ń lé e. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, ń lọ sí ibì kan lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ti ń yìnbọn sí páálí. Bí wọ́n bá ti fi ọta lu páálí tán, tí páálí náà kò sì bú wọn padà, wọ́n á kó ara wọn lọ sílé ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì ní Al Warqa, wọ́n á jókòó sí àgbàlá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kálíbà.

Kálíbà ni wọ́n ń pe bí ihò ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó. Mo ti dàgbà, mo ti rí ọkùnrin tó ń fi aṣọ ṣe fáàrí, mo ti rí èyí tó ń fi ilé ṣe é. Èyí tó ń fi ihò ṣe fáàrí, Al Warqa ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní ìbọn o. Ìlú yìí kò ní kí àlejò kàn gbé ìbọn wọ lífítì. Wọ́n ń múra àtilọ dẹ ẹfọ̀n ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà ni, lọ́dọ̀ ọdẹ òyìnbó kan tó ń bá àlejò ra ìbọn sílẹ̀ tó sì ń mú wọn wọgbó. Fọ́tò ìbọn ni wọ́n ń gbé kiri nínú fóònù bí ẹni tó ń wá ìyàwó.

"Four-five-eight ni tèmi o," ni ọ̀kan wí lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo bá wọn lọ. "Òun ló tóbi jù níbẹ̀."

"Ìwọ! O ti rí ẹfọ̀n rí? Màlúù tó ń sọdá títì lo mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi í léèrè èjìká rẹ̀. Ìbọn tàpá fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ òsì ló fi jẹun títí di Tuesday."

"Khalas, ó tó, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ẹ̀gbọ́n onílé wí, ó ń nu omi ẹ̀rín lójú.

Mo bi wọ́n pé kí ni ọmọ ènìyàn ń fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n onílé ní ẹni tó bá gbé kékeré lọ, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Èyí tí èjìká rẹ̀ wú ní ẹni tó mọ nǹkan ló ń ra ńlá. Ọmọ mi ń wo fóònù rẹ̀. Mo ní irọ́ ni gbogbo yín ń pa. Ojo ló ń ra ìbọn ńlá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ sì dá ṣáṣá, ìbọn kékeré tó o, ó tún ṣẹ́ kù. Wọ́n sún àga mọ́ mi. Ara mi wá yá, mo sọ ìtàn aládùúgbò wa fún wọn.

Lábúlé wa lápá Òkè Ògùn, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé ọkùnrin kan, ọdẹ ni bíi ti bàbá mi, ó ga, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í pẹ́ níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí. Ṣakabùlà ni gbogbo ọdẹ ìgbà náà ń lò, ìbọn tó jẹ́ pé o máa ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, o máa fi ọ̀pá gún un, o máa ki ọta tẹ̀lé e, kí o tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó kan tó wá wọn ilẹ̀ lágbègbè wa ń padà sílé, ọkùnrin yìí ra ìbọn ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọta rẹ̀ tó àtàǹpàkò àgbàlagbà. Bàbá mi kórìíra ìbọn yẹn bí ẹni kórìíra orogún ìyá rẹ̀. Àràárọ̀ ni yóò na ọrùn kọjá ògiri: "Aládùúgbò, ṣé ẹ ti gbé òpó ilé yín ròde?"

"A ti gbé e o," ni ọkùnrin náà á wí, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo sọ fún àwọn ará Al Warqa pé ẹtu lọkùnrin náà kọ́kọ́ fi ìbọn yẹn yìn. Ìbọn ró, a kò rí ẹtu mọ́. Pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ló dúró lórí ilẹ̀, bí ẹni bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ìbọn sì tì í sẹ́yìn, ó fi ìdí wọ́lẹ̀ títí ó fi dé oko àna rẹ̀, àna ní, "Ẹ kú àbọ̀." Ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹnu tó bá sì ti dùn mọ́ ènìyàn, kì í mọ ibi dúró. Mo gbé e dé orí ẹfọ̀n.

Akọ ẹfọ̀n kan wà nígbà náà tó ń jẹ àgbàdo wa, tó ń tẹ ebè iṣu mọ́lẹ̀, tí àwọn obìnrin kò lè ṣẹ́gi nítorí rẹ̀. Mo ní bàbá mi nìkan ló lọ bá a, pẹ̀lú ṣakabùlà àti ìkúnwọ́ ẹ̀tù kan. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, láàárín ojú méjèèjì. Ẹfọ̀n kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba, ó sì kú síbẹ̀. Mo ní orí rẹ̀ wà lára ògiri ilé wa títí mo fi gbé ìyàwó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n onílé fúnra rẹ̀ bu omi fún mi. Ọmọ mi kò wo fóònù mọ́, èmi ló ń wò.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo wà nínú kíṣìnì lọ́sàn-án, mò ń se tíì, ìyàwó ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé. Nọ́ọ̀sì ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Daddy, ẹ ti gbọ́? Ọmọ yín ti kọ̀wé sí ọdẹ òyìnbó yẹn pé òun ò ra ìbọn ńlá mọ́. Èyí tí wọ́n fi ń pa ẹtu ló ní òun máa fi dojú kọ ẹfọ̀n. Ó ní bàbá bàbá òun ṣe bẹ́ẹ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni, Daddy? Ọta kan ṣoṣo?"

Mo wo kẹ́tùrù. "Orí rẹ̀ wà lára ògiri," ni mo wí.

"Ọmọ méjì ló wà nínú ilé yìí o, Daddy. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n wọ bàálù."

Tíì náà korò lẹ́nu mi. Nígbà tí ọmọ mi dé, mo pè é, mo fi àrékérekè wọlé, mo ní ńlá yẹn náà kò burú jù, kó rà á.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Daddy! Ẹ̀yin tí ẹ ní ojo ló ń rà á? Ọmọ ọdẹ ni gbogbo wọn ń pè mí báyìí o. Ṣé kí n wá lọ sọ fún wọn pé bàbá mi ti yí ohùn padà?"

"Òyìnbó yẹn ńkọ́, kí ló wí?"

"Ó ń pariwo pé kékeré ò lè pa ẹfọ̀n. Mo ní kò mọ ìdílé wa ni."

Mi ò rí nǹkan jẹ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀lé e sọ̀ kalẹ̀, mo wọ mọ́tò rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

"Daddy, níbo lẹ ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́ rẹ."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe ní báńkì?"

"Wakọ̀."

Ẹni tó bá ti ti Sharjah lọ sí Dubai láàárọ̀ rí mọ̀ pé àyè wà láti sọ ìtàn. Nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú mọ́tò wa dúró gbagidi, mo bẹ̀rẹ̀.

Lóòótọ́ ni bàbá mi gbé ṣakabùlà lọ bá ẹfọ̀n náà, mo sì wà níbẹ̀, orí igi ẹ̀mí kan, èyí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ló gbé mi sí. Ó yìn ín. Ọta bà á léjìká, ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹfọ̀n yí padà, ó wọ inú koríko. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti sá. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Ẹfọ̀n tó gba ọgbẹ́ kì í sá. Ó máa ń yípo ni, á wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹni tó ta á gbà wọgbó. Láti orí igi ni mo ti rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń yí bọ̀ nínú koríko. Dípò kí n pariwo, ẹ̀ka igi ni mo dì mú. Bàbá mi ń da ẹ̀tù sínú ìbọn lọ́wọ́, ọ̀pá tó fẹ́ fi gún un ṣì wà lábíyá rẹ̀, nígbà tí ẹfọ̀n dé. Ó fi ìwo gbé e, ó jù ú, ó sì fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ bí egungun itan ṣe kán. Bí igi gbígbẹ ni.

Aládùúgbò wa, ẹni tí bàbá mi ti bi léèrè òpó ilé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ti ń tẹ̀lé wa láti abúlé láìsọ̀rọ̀. Ìbọn ńlá náà ró lẹ́ẹ̀kan. Ẹfọ̀n ṣubú, kò mira. Ọkùnrin náà fa bàbá mi jáde lábẹ́ rẹ̀, bàbá mi sì fẹ́ sọ nǹkan.

"Ẹ dákẹ́," ó wí, "ẹ̀jẹ̀ ń dà lára yín."

Ó pọn bàbá mi dé ilé. Nílùú wa, ẹni tí ọta rẹ̀ bá kọ́kọ́ ba ẹran ló ni orí ẹran, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ló pa á tán. Aládùúgbò wa fúnra rẹ̀ ló ru orí ẹfọ̀n náà wá, ó gbé e kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ní, "Tiyín rè é," ó sì lọ. Orí ló wà lára ògiri, ẹnu bàbá mi ló wà láàyè, kò sì pẹ́ tí ọta kan ṣoṣo fi pa ẹfọ̀n nínú ìtàn rẹ̀. Ọkùnrin náà ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, bó ṣe ń dùn sí i lọ́dọọdún. Kò yọjú rí láti jiyàn.

Nígbà tí mo di géńdé, mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ra ìbọn yẹn. "Mo fi ṣakabùlà ta ẹfọ̀n kan rí," ó wí. "Kò kú. Mo lọ sílé mi, mo sùn. Lọ́jọ́ kẹta ó pa obìnrin kan tó lọ ṣẹ́gi. Obìnrin yẹn kò ta á."

Àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ti ń fun fèrè. Ọmọ mi kò wa mọ́tò síwájú.

"Ẹsẹ̀ Bàbá àgbà tó ń wọ́," ó wí. "Ẹ ní orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́."

"Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

"Torí kí ẹ lè pa wá lẹ́rìn-ín lẹ ṣe fẹ́ kí n lọ kú?"

Ó wakọ̀ dé ibi iṣẹ́, ó bá mi pe tasí padà sí Al Taawun, kò sì wojú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti kọ̀wé, pé ńlá ló mú. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, "ẹ káàárọ̀ sà" àti "ó dàárọ̀ sà" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò dárí ji ìbọn ńlá o. Nígbà tiwa, ẹfọ̀n ló ń wá wa wá sóko. Lónìí, ènìyàn á jókòó sínú bàálù, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un, á lọ bá ẹfọ̀n tí kò mọ̀ ọ́n rí jà. Igbó tí mo ń wí yẹn ti di ilé epo àti ilé ìjọsìn, ẹfọ̀n kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí ọkùnrin kan rà kí obìnrin lè ṣẹ́gi bọ̀ wálé, òun náà ni wọ́n ń rà báyìí kí fọ́tò lè dára. Mo kórìíra rẹ̀, màá sì kórìíra rẹ̀ wọ sàréè. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó bá máa dé iwájú ẹfọ̀n, kó má gbé kékeré lọ nítorí ìtàn arúgbó.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi ní Al Warqa gbọ́ èyí tí mo yọ sílẹ̀. Bàbá mi kò pa ẹfọ̀n. Aládùúgbò wa ló pa á, ìbọn ńlá ló sì fi pa á. Ọ̀rọ̀ ẹtu àti pátákò, irọ́ ni látòkè délẹ̀, ọkùnrin náà kò fi ìbọn yẹn yin ẹtu rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tí ìbọn náà ró ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, bàbá mi ló sì wà lábẹ́ ẹfọ̀n.