Àǹtí, Mi Ò Gbé E Délé

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàárọ̀ ní Ìbíadé, ọ̀rẹ́ mi, kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni mí nígbà náà, wọ́n sì ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé kan níbẹ̀. Lẹ́yìn kíláàsì wọn, lórí ilẹ̀ tó ti le gbagidi, mo rí òpó irin kan ṣoṣo tó gbé agbọ̀n básíkẹ́ẹ̀tì dání, ó ti dípẹtà. Háà! Èmi tí mo fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì ju oúnjẹ lọ! Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti kó àwọn ọmọbìnrin jọ sábẹ́ rẹ̀.

Yorùbá ni mo fi kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ eré náà. Ìjẹ̀bú ẹnu wọn ń sáré, ti èmi ọmọ Ìbàdàn ń wọ́ tẹ̀lé e, a sì ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó kan kí èèyàn má fi bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ máa rìn láì lù ú mọ́lẹ̀, èyí tí àwọn rẹfirí ń pè ní tíráfẹ́ẹ̀lì, mo tú u ṣàkó: “Ẹ má gbé bọ́ọ̀lù rìnrìn àjò o!” Gbogbo wọn ní ó ti yé àwọn. Yíyé wo!

Àwọn ọmọ ilé-ìwé Ìwòpin tó wà nítòsí wá bá wa gbá a, ẹni mẹ́ta sí mẹ́ta. Ọmọ apẹja kan tó ga jù nínú àwọn ọmọ mi gba bọ́ọ̀lù, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì ń rìn lọ ní tirẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè. Ó tún rìn, wọ́n tún fọn ọ́n. Wọ́n nà wá bolẹ̀. Ọmọ náà sáré bá mi tẹkúntẹkún: “Àǹtí, mi ò gbé e délé o! Orí pápá yìí náà ni mo wà!” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú. Ìrìn àjò tí mo wí, wọ́n rò pé kí wọ́n má gbé bọ́ọ̀lù kúrò ní pápá ni.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, tí wọ́n bá tún dójú tì wá, wẹ́dà á gé irin yẹn. Àwọn ọkùnrin ń wá irin fi ṣe òpó gòólù.” Ọmọ náà gbọ́, ẹkún dá lójú rẹ̀ wáí.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó wọn lọ sétí omi. Mo nàka sí ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ èèkàn, tí atẹ́gùn ń yí sọ́tùn-ún sósì. Mo ní, “Tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ yín, ẹsẹ̀ yín kan ni èèkàn. Ara lè yí, èèkàn kì í kúrò.”

Ọmọ apẹja pariwo: “Ṣé ohun tí ẹ ń wí látọjọ́ yìí nìyẹn? Ẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, Àǹtí!” Ẹ ò rí ọmọ! Èèyàn lè gbọ́ èdè dáadáa kó má mọ ohun tí yóò fi júwe nǹkan fún ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn ará Ìwòpin padà wá. Ọ̀mì la wà, ó ku bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, ló bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ yẹn. Àwọn méjì ká a mọ́. Ó fẹ́ gbẹ́sẹ̀, gbogbo ọmọbìnrin tó wà ní pápá figbe ta: “Èèkàn! Èèkàn!” Ó kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, àwọn ọmọ Ìwòpin sáré kọjá lára rẹ̀. Ó fò, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù pòòyì lẹ́nu agbọ̀n, ó sì jábọ́ sínú rẹ̀. Yéè! Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Rẹfirí ń bi mí pé ta ló ń jẹ́ Èèkàn.

Ibi tí a ti ń jó ni ọ̀gá àgbà ti ké pé, “Ẹ bá mi pe wẹ́dà wá!” Ọmọ apẹja rọra lọ dì mọ́ òpó náà.

Ọ̀gá wò ó, ó ní, “Fi òpó sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Ṣebí wẹ́dà gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n kó tó ṣe ìkejì rẹ̀ fún yín.”

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń jó irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, orí mi máa ń wú. Àwọn ọmọ yẹn kò bẹ ẹnikẹ́ni kí pápá tó di tiwọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbà á.