Akọ Tòlótòló Mi Àti Àwọn Àna Ìtàjí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí tòlótòló nílé wa. Adìẹ ìbílẹ̀ nìkan la mọ̀. Irun mi ti ń funfun kí n tó mọ̀ ọ́n sìn, lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìkọ̀lé, ìlú wa, táwọn èèyàn ń gun àpáta kí wọ́n tó lè gbọ́ "Alóò". Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, irọ́ inú rẹ̀ ò pọ̀.

Mẹ́fà ni mo rà, kéékèèké. Òtútù tètè máa ń pa wọ́n, mo bá kó wọn sínú páálí, mo gbé àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́ fún wọn. Ọmọ tòlótòló kì í tètè mọ oúnjẹ jẹ, ni mo bá fi òròmọdìẹ kan sáàárín wọn kó máa ṣe tíṣà. Kò pẹ́, bí mo bá ti súfèé, gbogbo wọn á dáhùn, wọ́n á tẹ̀ lé mi dé oko.

Akọ kan wá tóbi láàárín wọn. Bó bá na ìrù, ojú ọjọ́ á ṣú, ìyá òdìkejì ilé wa á sì sáré kó èlùbọ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ọ̀sẹ̀ méjì ni èlùbọ́ yẹn ò fi gbẹ.

Àfi bí àwọn kan láti Ìtàjí ṣe fẹ́ wá tọrọ ọmọ mi obìnrin. Ìyàwó mi pọ́n ọ̀bẹ, ó ní akọ tòlótòló la máa fi ṣe wọ́n lálejò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ta là ń fún lọ́kọ gan-an, ọmọ yín ni àbí tòlótòló yín?"

Mo lọ so akọ náà mọ́ ìdí ọsàn lẹ́yìnkùlé.

Àwọn àlejò dé, ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n kí wa tariwo tariwo. Bí akọ mi ṣe gbọ́ ariwo, ó já okùn, ó na ìrù, ó rọra gorí ẹ̀yìn ọkọ ìyàwó, ó ń ké lólólóló. Ọmọkùnrin náà ò mira, torí lọ́dọ̀ wa, àfi kí bàbá ìyàwó ní kó dìde. Èmi ni bàbá ìyàwó. Mo dákẹ́.

Bàbá ọkọ ìyàwó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹbí ìyàwó wa lèyí náà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Ọkọ ìyàwó dáhùn látilẹ̀ pé, "Ẹ kúulé o, ẹ̀gbọ́n wa."

Tòlótòló dá a lóhùn! Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Nígbà tí bàbá ọkọ gbọ́ pé òun la fẹ́ sè fún wọn, ó ní àwọn ò lè jẹ ẹ̀gbọ́n ìyàwó àwọn, ká bá àwọn wá adìẹ. Ìyàwó mi wò mí tìkàtẹ̀gbin, ó lọ mú adìẹ.

Ayé ti yí padà. Inú fíríìsà lẹ ti ń mọ tòlótòló lónìí. Itan rẹ̀ lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ohùn rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí ọmọ mi bí fún ará Ìtàjí yẹn ti ń sin mẹ́ta lọ́dọ̀ mi báyìí. Láàárọ̀ àná ló sọ àkọ́kọ́ lórúkọ. Mo ní kó tètè sọ àwọn méjì tó kù, kí ìyá àgbà tó ti ọjà dé, kó tún wá pọ́n ọ̀bẹ.